Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ń Sun Èédú àti Ẹni Tó Ń Rà Á

Ẹ̀yin ará Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti gbogbo Òkè-Ògùn, àti ẹ̀yin ará ìlú ńlá tí ẹ ń ra èédú ní àpò-àpò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ẹni tó ń sun èédú nínú oko ló mú kí ayé gbóná. Epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti ń jó tipẹ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù. Kí ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó dé, tí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tó ń sé ooru mọ́ wa. Ó ti lé ní 420 báyìí. Igi wà lára ohun tó ń bá wa fà á mu, igi ọ̀hún náà là ń gé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sun èédú. Wọ́n á gé igi àyìn ní tútù, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n á wá tiná bọ̀ ọ́. Ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi máa rú èéfín. Nígbà tí wọ́n bá tú u, igi kílò 10 kì í sábà ju èédú kílò 2 lọ. Ìyókù ti bá èéfín lọ.

Ti igi èmi, ìyẹn igi òrí, ló ń dùn mí jù. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí igi èmi tó so, ayùn ẹ́ńjìnnì kì í sì í lò tó wákàtí kan lórí ẹ̀. Wọn ò dá irúgbá sí. Tó bá yá, ká máa fi Maggi nìkan se ọbẹ̀.

Ẹ má gé igi èmi àti irúgbá rárá, bó ti wù kí èédú lówó lórí tó. Igi yòówù kí ẹ gé, ẹ má hú kùkùté ẹ̀, ẹ má sì finá sun ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń hù padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èédú dáná, bí ọbẹ̀ bá ti jinná, ẹ pa èyí tó kù, ẹ tún un lò lọ́la. (Ẹ má gbé e wọ yàrá tí ẹ ti fèrèsé ẹ̀ pa o: ó ń pani lójú oorun.)

Ẹ̀yin baálẹ̀, bí oníṣòwò èédú bá wá fowó lọ̀ yín, ẹ ka igi èmi tó wà lórí ilẹ̀ yín kí ẹ tó gbowó, kí ẹ sì tún un kà kí ọkọ̀ ẹ̀ tó jáde.