Títún Mọ́ọ̀dù Òjé Ṣe fún Iṣẹ́ Ẹja Pípa

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí òjé tí àwọn apẹja fi ń mú kí ìwọ̀ àti àwọ̀n wọn rì dé ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ, Màpó, Ọjà'ba tàbí Bẹyẹrunka, tí ó sì fẹ́ pẹja, kò ní láti rìn jìnnà. Ẹlẹ́yẹlé ń bẹ nítòsí, ìyẹn adágún omi ẹ̀rọ tí a ṣe ní ọdún 1942. Aṣèjírè náà ń bẹ ní ọ̀nà Ifẹ̀, níbi tí a ti sé odò Ọ̀ṣun. Ìsàlẹ̀ omi ni àrọ̀ fẹ́ràn láti máa gbé, ìwọ̀ tí kò bá sì wúwo kò lè bá a níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń yọ́ òjé fúnra wọn, tí wọ́n ń dà á sínú mọ́ọ̀dù, kí owó má baà pọ̀ lórí iṣẹ́ wọn.

Nǹkan méjì ni a ó kọ́. Èkíní ni bí a ti lè tún mọ́ọ̀dù ṣe kí ó bá iṣẹ́ mu. Èkejì, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni ibi tí kò yẹ kí a ti ṣe iṣẹ́ náà rárá.

KÍ NI MỌ́Ọ̀DÙ?

Mọ́ọ̀dù ni ohun tí a gbẹ́ ihò sí nínú, tí a ń da òjé yíyọ́ sí, kí ó lè gba àwòrán tí a fẹ́. Ọgbọ́n yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ tí àwọn baba wa ti rọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ìda ni wọ́n fi ya àwòrán, amọ̀ ni wọ́n fi bò ó. Nígbà tí iná yọ́ ìda kúrò, idẹ wá gba ipò rẹ̀. Òfin kan náà ni ó wà fún òjé: ohun yíyọ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Òjé kò ṣòro láti yọ́. Nígbà tí iná bá dé ìwọ̀n 327 ti Sẹ́líṣíọ̀sì, yóò yọ́. Alumíníọ̀mù kò ní yọ́ títí iná yóò fi dé 660. Ìdí nìyí tí mọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù fi lè gba òjé láìbàjẹ́. Kànkéré kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó máa ń fi omi pamọ́ sínú ara rẹ̀, ó sì lè bẹ́.

BÍ A TI Í TÚN UN ṢE

Ká sọ pé mọ́ọ̀dù alápá méjì kan wà lọ́wọ́ wa, tí ó ń ṣe òjé róbótó fún àwọ̀n, tí a sì fẹ́ kí ó máa ṣe òjé sí ọrùn ìwọ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwọ̀ náà lé ojú mọ́ọ̀dù, kí ẹ fi nǹkan ṣe àmì sí ibi tí ọrùn rẹ̀ yóò gbà. Ẹ fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ la ojú ọ̀nà sí apá méjèèjì, kí apá kọ̀ọ̀kan gba ìdajì sísanra ìwọ̀. Bí ọ̀nà náà bá fẹ̀ jù, òjé yóò ṣàn jáde níbẹ̀. Bí ó bá há jù, mọ́ọ̀dù kò ní pàdé.

2. Ẹ fẹ ẹnu tí a ń da òjé sí, kí ó rí bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo. Òjé máa ń súnkì díẹ̀ bí ó ti ń dì. Èyí tí ó wà ní ẹnu ni yóò sọ̀kalẹ̀ láti dí àlàfo náà.

3. Ẹ fi irin ẹnu mímú fa ìlà tí kò ju fọ́nrán òwú lọ láti inú ihò náà dé etí mọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde. Bí òjé yín bá ń jáde pẹ̀lú ihò lára tàbí tí igun rẹ̀ kò pé, ó lè jẹ́ pé ìlà yìí ni kò tó.

4. Bí ẹ bá fẹ́ kí òjé náà wúwo sí i, ẹ gbẹ́ ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wọn èyí tí ó bá jáde. Òjé róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 wúwo tó gíráàmù 6. Ṣùgbọ́n èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 kì í ṣe gíráàmù 12, ó tó gíráàmù 48. Èyí tí a bá ti gbẹ́ kúrò kò ṣe é dá padà.

5. Ẹ fi èéfín àtùpà kun inú ihò náà títí yóò fi dúdú, kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ yá mọ́ọ̀dù náà níná kí ó gbóná kí ó sì gbẹ. Bí àwọn tí ẹ kọ́kọ́ dà kò bá dára, ẹ dá wọn padà sínú ìkòkò.

EWU TI OMI

Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè ba ojú ènìyàn jẹ́. Bí omi bá bọ́ sí abẹ́ òjé yíyọ́, yóò di oru lójijì, oru náà yóò sì fẹ́ gba àyè tí ó tó ìlọ́po 1,600 ti omi náà. Òjé gbígbóná yóò sì fọ́n ká. Nítorí náà, kí ohun gbogbo gbẹ: mọ́ọ̀dù, ṣíbí, àti òjé tí a ń fi kún ti inú ìkòkò. Kí awò wà lójú, kí ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́, kí bàtà sì bo ẹsẹ̀.

EWU TÍ Ó BURÚ JÙ

Iná a máa jóni lójú ẹsẹ̀, a ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n oró òjé kì í kígbe. Ìdàrọ́ tí ó máa ń léfòó lórí òjé yíyọ́ a máa di lẹ́búlẹ́bú. Yóò bà sí ara aṣọ, sí ọwọ́ àti sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ń rákò yóò fi ọwọ́ kàn án, yóò sì ki ọwọ́ bọ ẹnu. Òjé tí ọmọdé bá gbé mì máa ń wọ inú ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ. Ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó sì ń fara pamọ́ sínú egungun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú àwọn apẹja kan, Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀bá Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà kan rí, àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ a máa fọ́ bátìrì ọkọ̀ láti yọ òjé tí wọ́n fi ń ṣe ìwúwo àwọ̀n. Ní ọdọọdún, èérún òjé ń dà sínú yanrìn ìlú náà. Nígbà tí owó òjé gòkè, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn náà, wọ́n ń sẹ́ ẹ láti rí òjé tà. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kú. Ní orílẹ̀-èdè tiwa náà, ní Zamfara ní ọdún 2010, ó kéré tán 400 ọmọ ni oró òjé pa, nítorí òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé.

Ní àdúgbò wa àtijọ́, ilé ń fara kan ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà sì ni ìdílé púpọ̀ ń lò. Èérún tí ó bọ́ lọ́wọ́ baba kan lè di oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn. Nítorí náà:

Ẹ má ṣe yọ́ òjé nínú agboolé; ibi gbangba tí ó jìnnà sí ilé, sí kànga àti sí ọmọdé ni kí ẹ lọ.

Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì láé láti wá òjé.

Kí ìkòkò àti ṣíbí òjé má ṣe padà sí ibi ìdáná.

Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Kí aboyún má ṣe súnmọ́ ibẹ̀ rárá.

ÈYÍ TÍ Ó SÀN JÙ

Ilẹ̀ Bìrìtéènì ti ṣe òfin láti ọdún 1987 pé kí a má ṣe ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn òjé kéékèèké tí a fi ń pẹja mọ́, nítorí àwọn ẹyẹ odò ń gbé e mì wọ́n sì ń kú. Àwọn apẹja ibẹ̀ kò tìtorí èyí ṣíwọ́. Àwa náà lè lo nọ́ọ̀tì irin àlòkù, òkúta tí a lu ihò sí, tàbí amọ̀ tí a mọ róbótó tí a sì sun. Irin wúwo tó bí ìdá méje nínú ìdá mẹ́wàá òjé. Bí a bá fi kún títóbi rẹ̀ díẹ̀, yóò rì bí òjé ti ń rì. Ẹni tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà nílé rẹ̀, èyí ni a gbà á nímọ̀ràn. Ọmọ ni a ń torí rẹ̀ wá ẹja. Kò yẹ kí ẹja gba ọmọ lọ́wọ́ wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fà á tí òjé fi ń jáde pẹ̀lú ihò lára?
2. Ọ̀nà wo ni èérún òjé lè gbà dé ẹnu ọmọdé nínú agboolé yín?
3. Níbo ní àdúgbò yín ni a ti ń fọ́ bátìrì, ta ni ó sì yẹ kí ẹ bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?