Ìnáwó Oṣù Kan: Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀kọ́ tòní kan ọ̀pọ̀ nínú wa, torí ìsọ̀ tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò kan nílùú òyìnbó kò pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni pé, "Ọmọ mi ń gba mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ lóṣù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún péré ló fi ránṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti da ìyá àti ọmọ rú nínú ọjà wa níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó ń gba pọ́n-ùn, pọ́n-ùn náà ló ń ná. Kò sí onílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń gba náírà. Ká mú ẹni tó ń gba owó tó kéré jù tí òfin ibẹ̀ gbà láyè. Ní April 2025, wọ́n sọ ọ́ di £12.21 ní wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, owó oṣù rẹ̀ á tó £2,116. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ìjọba á ti yọ owó orí àti National Insurance kówó tó dé ọwọ́ rẹ̀, á ku bíi £1,817, wọn ò sì tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú ẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo, tí òun àtàwọn ẹlòmíràn jọ ń lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ká fi £800 ṣe àpẹẹrẹ. Ilé nìkan ti gbé ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ. Bọ́ọ̀sì jẹ́ £1.75 lẹ́ẹ̀kan ní 2025, àlọ àtàbọ̀ fún ọjọ́ 22 á jẹ́ £77. Kò tíì jẹun, kò tíì san iná, òtútù ò sì mọ̀ pé owó ti tán.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kóńgò ọjà kan tóbi ju ti ọjà kejì lọ. Ẹni tó bá wo iye gàrí láìwo kóńgò, àdánù ló máa gbé délé. Bó ṣe rí náà nìyí. Kóńgò tó yẹ ká fi wọn ìlú méjèèjì ni wákàtí iṣẹ́.

Ẹ wo ìrẹsì. Bí kílò 10 bá jẹ́ £18 lọ́hùn-ún, kílò 50 á jẹ́ £90. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ ò ní pé kó tó san án, ìyẹn ò tó ọjọ́ kan gbáko. Níhìn-ín ńkọ́? July 2024 ni ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, lọ́dún yẹn kan náà àpò ìrẹsì kílò 50 ti wọ́n ju ₦70,000 lọ. Iṣẹ́ oṣù kan gbáko ò ra àpò kan! Oúnjẹ ló ń jẹ owó tiwa, ilé ló ń jẹ tiwọn. Ìwádìí NBS tó jáde ní 2020 náà sọ pé oúnjẹ ń gba ju ìdajì ìnáwó ilé lọ ní Nàìjíríà.

Ohun tí a kì í kà mọ́ tiwa tún wà. A ń san owó ilé lọ́dọọdún, a sì gbàgbé pé ₦600,000 lọ́dún, ₦50,000 ló jẹ́ lóṣù. Owó iléèwé táàmù mẹ́ta, epo jẹnẹrétọ̀, omi, oògùn, gbogbo ẹ̀ ni ká kó jọ ká pín sí 12. Lọ́hùn-ún, iléèwé ìjọba ò gbowó lọ́wọ́ ọmọdé, ọsibítù ìjọba ò sì ní kó o sanwó kí dókítà tó wò ẹ́. Àmọ́ owó orí ló ń san án, àlejò tó sì gba físà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti san £1,035 lọ́dún kan fún un láti February 2024.

Ti ṣíṣẹ́ owó ló ń tan wá jù. Kó tó di June 2023, pọ́n-ùn kan ò tó ₦600 ní báǹkì. Ní 2024 ó kọjá ₦2,000. £100 tí kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta tẹ́lẹ̀ wá ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lọ. Ṣé ọmọ náà dín wákàtí iṣẹ́ ẹ̀ kù ni? Ó ṣì ju wákàtí mẹ́jọ lọ kó tó rí £100. Àwọn ọmọ náà ò mọ̀wọ̀n nígbà míì ṣá o, wọ́n rò pé £50 lè ra ọjà kún ìsọ̀.

Kó tó di ìpàdé wa, kí oníkálukú kọ ìnáwó oṣù tó kọjá sílẹ̀: oúnjẹ, ilé, ọkọ̀, iléèwé, oògùn, àjọ. Ẹ kọ aṣọ ẹbí náà o, ẹ má fi í pamọ́. Kí ọmọ yín náà kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ ní pọ́n-ùn, pẹ̀lú iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó wá bá mi nísọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo ní bírò.