Aròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Ń Gbin Ẹfinrin Láti Inú Irúgbìn Nílé

Nínú ìdánwò, o lè bá irú ìbéèrè yìí pàdé: "Ṣàlàyé bí a ṣe ń gbin ewébẹ̀ kan tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ dáadáa." Ìbéèrè yìí rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pàdánù máàkì nídìí rẹ̀. Wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ki ewé náà bí ẹni ń ki ọba: ó dára lọ́bẹ̀, ó dára lágbo, kò sí ilé tí a kì í lò ó. Ojú ìwé kan á kún, wọn kò sì tíì fi hóró kan sílẹ̀. Bí a ṣe ń gbìn ín ni a béèrè. Nítorí náà, bí o bá ti ń kọ̀wé, ronú ẹni tí kò gbin nǹkan kan rí. Bí onítọ̀hún bá mú aròkọ rẹ dání lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ǹjẹ́ ewé yóò hù?

Yan ohun tí o mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a fẹ́ kọ̀wé lórí ewé òkèèrè bíi táìmù kí ó lè dà bí ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni inú agolo nìkan ni ó ti ń rí i. Ẹfinrin wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ẹbí kan náà sì ni ewé méjèèjì. Kódà èròjà tí ń jẹ́ thymol, tí ó wà nínú òórùn táìmù, wà nínú ti ẹfinrin pẹ̀lú. Ẹfinrin ńlá ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí o ti ń ka aròkọ náà, máa wo ìdí tí ó tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

ÀPẸẸRẸ ARÒKỌ

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ẹfinrin kò ní láti ra irúgbìn. Lọ sí ìdí ẹfinrin àtijọ́ kan, kí o wo ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀ níbi tí òdòdó ti rẹ̀. Èyí tí ó ti gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí ti igi gbígbẹ, ni kí o gé. Èyí tí ó ṣì tutù kò tíì gbó, hóró inú rẹ̀ kò sì ní hù. Sá a sórí ìwé ìròyìn fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Lẹ́yìn náà, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á sínú àwo, kí o sì rọra fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù. Rọra ni mo wí, nítorí hóró ẹfinrin kéré bí iyanrìn. Bí o bá fẹ́ ẹ tagbáratagbára, òun náà yóò bá ìyàngbò lọ.

Wá korobá tí etí rẹ̀ ti fọ́, kí o lu ihò 4 tàbí 5 sí ìdí rẹ̀, torí omi tí kò bá rí ọ̀nà jáde yóò mú gbòǹgbò rà. Po ilẹ̀dú ìpín 2 mọ́ iyanrìn ìpín 1 àti ajílẹ̀ ìpín 1. Ajílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti jẹrà pátápátá. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó ọ̀gbìn. Fi ajọ̀ jọ èyí tí yóò wà lókè, kí òkúta àti ògúlùtu má baà dí èhù lọ́nà. Bomi rin ilẹ̀ náà kí o tó fúnrúgbìn, nítorí bí o bá da omi sí i lẹ́yìn tí o ti fúnrúgbìn, omi yóò gbá gbogbo hóró jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Fúnfún irúgbìn náà gan-an ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Da hóró pọ̀ mọ́ ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn gbígbẹ, kí o sì wọ́n ọn káàkiri, kí ó má baà dì jọ lójú kan. Má ṣe rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Hóró àgbàdo tóbi, oúnjẹ inú rẹ̀ pọ̀, ó sì lágbára láti ti ilẹ̀ sókè. Oúnjẹ inú hóró ẹfinrin kò tó nǹkan. Bí a bá rì í jinlẹ̀, yóò tán kí èhù tó yọjú. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú a sì máa ràn án lọ́wọ́ láti hù. Nítorí náà, fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀, kí o sì wọ́n iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, kí ó ṣá má bò ó tán.

Gbé korobá náà sábẹ́ òrùlé tí oòrùn ti ń yọ wò ó, kí adìẹ má baà tàn án. Máa fi ìka wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ojú ilẹ̀ má gbẹ. Láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14, èhù yóò yọjú. Aláìnísùúrù a ti fi ìka tú ilẹ̀ wò ní ọjọ́ karùn-ún, a sì ṣẹ́ èyí tí ó ń hù bọ̀ lọ́rùn.

Nígbà tí èhù bá ti yọ, fa díẹ̀ tu, kí àlàfo tó ìbú ìka 2 wà láàárín àwọn tí ó kù. Ó máa ń dunni láti fa ohun tí a gbìn tu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá há mọ́ra, tí omi sì pọ̀ jù, ìdí wọn yóò rà, wọn yóò sì dà lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Bí èyí tí ó kù bá ti yọ ewé 6, lọ́ ọ sí ilẹ̀ gbangba nírọ̀lẹ́, tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, kí oòrùn má baà pa á kí gbòǹgbò rẹ̀ tó mú ilẹ̀. Fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín ọ̀kan àti èkejì, nítorí ẹfinrin ńlá lè ga tó ènìyàn. Nígbà tí ó bá ga tó ìgbọ̀nwọ́, já ṣóńṣó rẹ̀ kí ó lè pẹ̀ka. Máa já òdòdó rẹ̀ pẹ̀lú, kí agbára rẹ̀ lè lọ sínú ewé, ṣùgbọ́n fi ti igi kan sílẹ̀ fún irúgbìn.

ÀKÍYÈSÍ

Wò ó bí ìfáárà ti kúrú tó: gbólóhùn kan péré, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ tí ó sọ nípa fúnfún irúgbìn àti bíbò ó gba àyè púpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Jíjá ṣóńṣó àti òdòdó kò gbà ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Kò sí òfin pé kí gbogbo ìpínrọ̀ gùn bákan náà. Kíyè sí i pẹ̀lú pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni "lẹ́yìn náà" wáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn yóò sú ẹni tí ń máàkì ìwé rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "nítorí", "torí" àti "kí ó má baà" ni ó gbé aròkọ náà ró.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kọ aròkọ tìrẹ lórí bí a ṣe ń gbin ata rodo tàbí tẹ̀tẹ̀ nílé. Kà á sí etígbọ̀ọ́ ọ̀rẹ́ rẹ kan, kí ó sì máa bi ọ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé, "Èé ṣe?" Ibikíbi tí o bá ti fẹnu dáhùn ohun tí kò sí nínú ìwé, padà lọ kọ ọ́ síbẹ̀.