Ìdidígí nínú Awọ Pólímà Fẹ́lẹ́: Ipa tí Ìnípọn àti Ìyára Ìtutù Ń Kó

1. Ìfáàrà

Bí ọyẹ́ bá mú, epo pupa a máa dì nínú ìgò. Bí omi bá sì tutù dé 0°C, òun náà a dì. Ọ̀rọ̀-ìṣe dì yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń lò fún gbogbo ohun olómi tí ó bá le. Ó tọ̀nà fún omi, ṣùgbọ́n ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà bí ọ̀rọ̀ bá kan dígí àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ike. Àpilẹ̀kọ yìí dábàá ọ̀rọ̀ mìíràn, ìyẹn ni ìdidígí. Awọ pólímà fẹ́lẹ́ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì ti hàn gbangba.

2. Dídì yàtọ̀ sí ìdidígí

Nígbà tí omi bá ń dì, àwọn mólékù rẹ̀ a tò lẹ́sẹẹsẹ bí bíríkì tí bíríkìlà tò. Àyè tí omi náà gbà a yí padà lójijì, ìwọ̀n ìgbóná tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ kì í sì í yẹ̀.

Pólímà kò rí bẹ́ẹ̀. Mólékù rẹ̀ gùn. Ẹyọ kéékèèké ni ó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Bí a bá mú pólísítaírìnì, ike líle tí ó mọ́ gaara, irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ kò lè tò lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé àwọn ẹ̀ka tí ó yọ lára okùn rẹ̀ kò dọ́gba ní ìtò. Bí ó ti ń tutù, ìrìn àwọn mólékù náà a máa falẹ̀ títí wọn kò fi ní lè yí ipò padà mọ́. Ike náà le, ṣùgbọ́n rúdurùdu inú rẹ̀ wà síbẹ̀. Èyí ni ìdidígí. Fún pólísítaírìnì tí ó nípọn, ó ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 100°C.

Ohùn ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Omi dì, ní ohùn ìsàlẹ̀. Pólímà di dígí, ní ohùn àárín. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i yóò da ẹ̀kọ́ méjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

3. Ìyára ìtutù

A lè fi èrò ọjà tí ó fún pọ̀ ṣe àkàwé. Ẹni tí ó wà láàrin èrò kò lè yíra padà àfi bí àwọn tí ó yí i ká bá kọ́kọ́ sún fún un, sísún náà sì gba àkókò. Bí ìtutù bá falẹ̀, àwọn mólékù a rí àkókò sún mọ́ra, ìdidígí a sì pẹ́ kí ó tó dé, ní ìwọ̀n ìgbóná tí ó rẹlẹ̀. Bí ìtutù bá yára, a ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n wà, nígbà tí ìgbóná ṣì ga. Nínú pólísítaírìnì tí ó nípọn, bí a bá sọ ìyára ìtutù di ìlọ́po mẹ́wàá, ìwọ̀n ìgbóná ìdidígí a fi nǹkan bí 3°C gòkè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dárúkọ ìwọ̀n yìí láìsọ bí ìtutù ti yára tó kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

4. Ìnípọn

Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nanomítà. Ní ọdún 1994, Keddie, Jones àti Cory tẹ́ awọ pólísítaírìnì fẹ́lẹ́ sórí sílíkọ́nì. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tí ó tàn padà lára rẹ̀ wọn ìnípọn rẹ̀ bí ìgbóná ti ń yí padà. Awọ a máa wú bí ó bá ń gbóná, ṣùgbọ́n ó ń wú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ dígí, ó sì ń wú kíákíá lẹ́yìn náà. Ibi tí ìyípadà yìí ti wáyé ni ìwọ̀n ìdidígí. Wọ́n rí i pé bí ìnípọn bá ti dín sí nǹkan bí 40 nanomítà, ìwọ̀n náà a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nínú awọ tí ó jẹ́ nǹkan bí 10 nanomítà, ó fi ju 20°C lọ sílẹ̀.

Kí ni ó fà á? Ẹni tí ó wà ní etí ọjà máa ń rìn fàlàlà ju ẹni tí ó wà láàrin lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mólékù tí ó kọjú sí afẹ́fẹ́. Bí awọ bá ti fẹ́lẹ́ tó ni àwọn ará etí ń pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ní ọdún 1996, Forrest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn awọ tí kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun, tí ó ní ojú òmìnira méjì. Ìdínkù tí wọ́n rí tó nǹkan bí 70°C.

Ṣùgbọ́n ohun tí a tẹ́ awọ lé lórí ní ipa tirẹ̀. Pólímà mìíràn, pólímẹ́táílì mẹtakíríléètì, a máa lẹ̀ mọ́ ojú sílíkọ́nì tí ó ti gba ọ́síjìn sára. Níbẹ̀, fífẹ́lẹ́ ń gbé ìwọ̀n ìdidígí rẹ̀ sókè ni. Lórí wúrà, ó ń lọ sílẹ̀.

5. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé

Ní ọdún 2005, Fakhraai àti Forrest yí ìyára ìtutù padà fún awọ pólísítaírìnì oríṣiríṣi. Bí ìtutù bá falẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin awọ fẹ́lẹ́ àti èyí tí ó nípọn tóbi. Bí ó bá yára gan-an, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Nítorí náà, yàrá ìwádìí méjì lè wọn awọ kan náà, kí èsì wọn máa tako ara wọn, síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má purọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sínú ìwé nìkan. Nínú ṣíṣe àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú kọ̀ǹpútà, awọ pólímà fẹ́lẹ́ ni a fi ń ya ọ̀nà iná mànàmáná sára sílíkọ́nì. Bí awọ náà bá rọ̀ ní ìwọ̀n ìgbóná tí a rò pé yóò ṣì le, àwòrán náà yóò bàjẹ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Kí a fi dídì sílẹ̀ fún omi, epo àti irin, tí mólékù tàbí átọ́ọ̀mù wọn ń tò. Kí a lo ìdidígí fún ohun tí ó le láìtò, kí a sì máa sọ ìnípọn, ìyára ìtutù àti ohun tí a tẹ́ awọ lé lórí pọ̀ mọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé ike “dì” yóò máa wá ìwọ̀n kan ṣoṣo tí kì í yẹ̀. Èyí tí ó bá gbọ́ pé ó “di dígí” yóò kọ́kọ́ béèrè bí ó ti fẹ́lẹ́ tó, àti bí a ti mú un tutù.