Ó Ti Tẹ́ẹ́rẹ́, Kò Tíì Fúyẹ́

Àwọn télọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń rí ohun tí síkéèlì kì í sọ. Obìnrin kan lè ti máa rìn, kó máa gbé irin fún oṣù mẹ́ta, kó tún gun síkéèlì, kó bá kílò 78 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ bá ká téèpù mọ́ ọn ní ìbàdí nítorí aṣọ ẹbí, ínṣì méjì ti lọ.

Kí ni kó sọ nílé? Àwọn kan á tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní ó “pàdánù ìwọ̀n”. Òǹkọ̀wé Yorùbá kò gbọdọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ nù ni à ń pàdánù, kò sì sí ẹni tó ń wá ọ̀rá ikùn rẹ̀ kiri.

Ìwọ̀n fúnra rẹ̀ kò tọ́ka sí wíwúwo nìkan. Ní ọjà Balógun, wọ́n ń wọn léèsì ní ọ̀pá, ínṣì 36 sì ni ọ̀pá kan. Àwọn oníṣòwò oúnjẹ ń fi kóńgò wọn gàrí, àwọn alápatà kan sì ń gbé ẹran lé síkéèlì. Ọ̀rọ̀ ìṣe “wọ̀n” kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. (Ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀: a ń sọ pé “wọn aṣọ”, ṣùgbọ́n “wọ̀n ọ́n”. “Wọ́n” olóhùn òkè jẹ mọ́ owó gọbọi.) Nítorí náà, bí ìwé ìlera bá kọ “ìwọ̀n ara”, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá téèpù ni tàbí síkéèlì. “Bí ara ṣe wúwo tó” yé ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yorùbá ti ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́: títóbi, sísanra àti títẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́tọ̀, wíwúwo àti fífúyẹ́ náà wà lọ́tọ̀. Obìnrin wa ti tẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì fúyẹ́. Ikùn rẹ̀ ti wọlé, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń bọ́ nídìí rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó ń lo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kò nílò téèpù rárá: bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ara ti dín nìyẹn.

Ìdí tí ara fi lè dín láìfúyẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Lítà kan ọ̀rá ara kò ju nǹkan bíi gíráàmù 900 lọ. Lítà kan iṣan, ẹran líle tó ń gbé apá àti ẹsẹ̀, lé ní gíráàmù 1,000. Bí kílò méjì ọ̀rá bá lọ, tí kílò méjì iṣan sì rọ́pò rẹ̀, síkéèlì kò ní mì, ara á sì kéré sí i.

“Rù” ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ká ṣọ́ra fún jù. Bí àgbà bá wo ọmọ tó ń ṣeré ìdárayá, tó ní, “Kí ló dé tí o rù báyìí?”, ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ebi ló ń bi í. “Gbẹ” tún burú jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yin ènìyàn, kó pè é ní pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Àwọn onímọ̀ ìlera ń wo ìbàdí pẹ̀lú: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi téèpù sí àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí. Bí ó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ fún obìnrin, tàbí 94 fún ọkùnrin, ewu àrùn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìkìlọ̀ yẹn, kó kọ “bí ìbàdí ṣe fẹ̀ tó”, kó má kọ “ìwọ̀n ara”.