Ẹ Wọn Ẹnu Páìpù Kí Ẹ Tó Rà Á

 Ẹ̀kọ́ ìṣirò kan tí a kọ́ ní ilé-ìwé wa, tí èmi sì gbàgbé, ni mo fẹ́ rán ẹni tó ń kọ́lé létí. Ìgbàgbé náà ná mi lówó, ó sì gba oorun lójú ìyá mi.

Nígbà tí mo kọ́ ilé sí Ìlobì, mo gbé ẹ̀rọ amúlétutù kan sínú àjà, kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn tútù gba inú páìpù páànù lọ sí yàrá mẹ́ta. Ẹnu ẹ̀rọ náà sí yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 8. Mo rí páìpù oní-ínṣì 6 tí owó rẹ̀ rọjú, mo sì wí lọ́kàn mi pé ínṣì 2 kò tó nǹkan. Nígbà tí ooru oṣù Ẹrẹ́nà dé, yàrá ìyá mi, ẹni ọdún 86, kò tutù rárá. Páìpù ń súfèé lóru, omi sì ń kán láti àjà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú kíláàsì. Láti mọ bí ẹnu páìpù roboto ṣe tóbi tó, ẹ mú ìdajì ìbú rẹ̀, ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi 22/7 sọ èsì náà di púpọ̀. Ti oní-ínṣì 8 jẹ́ nǹkan bí ínṣì onígun mẹ́rin 50; ti oní-ínṣì 6 jẹ́ nǹkan bí 28. Ínṣì 2 péré ni mo yọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọ̀nà atẹ́gùn ni mo dí.

Nítorí náà, ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

Èkínní, ẹ wọn ẹnu méjèèjì tí yóò wọnú ara wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ń fi mítà wọn nǹkan, kí ó ṣọ́ra: ínṣì 8 jẹ́ mìlímítà 203, kì í ṣe 200. Bí ẹ kò bá rí èyí tó bá a mu, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ ìwọ̀n sí i, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tó ń fi páànù rọ nǹkan.

Èkejì, níbi tí páìpù bá ti yà, ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wẹ́rẹ́. Igun ṣóńṣó a máa dá atẹ́gùn dúró.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi nǹkan tí ń dènà ooru wé páìpù, kí ẹ sì dí gbogbo oríkèé rẹ̀. Páànù tútù nínú àjà gbígbóná ni ó fa omi tó ń kán nílé mi.

Ẹ̀kẹrin, atẹ́gùn tó wọ yàrá gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ̀karùn-ún ni ó wúwo jù. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìtòsí ibi tí ẹ̀rọ tàbí fèrèsé ti ń gba atẹ́gùn. Májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ó lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun.

Mo tú gbogbo páìpù náà palẹ̀, mo sì ra oní-ínṣì 8. Owó tí mo rò pé mo fi pamọ́, ìlọ́po rẹ̀ ni mo san. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń sùn báyìí. Olúwa wa ti sọ ti ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ṣírò ná.