Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ẹ Dí Ihò Ara Ráútà Kí Olè Tó Wọlé

Ẹ̀kọ́ tá a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti òṣùwọ̀n tàbí ti ìwé gbèsè. Ọ̀rọ̀ ráútà ni, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù. MiFi táwọn mìíràn ń gbé sínú báàgì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Púpọ̀ nínú wa ló ń gbowó ọjà lórí fóònù báyìí. Ẹni tó bá ráyè wọ inú ráútà wa, ẹnu ọ̀nà tí owó wa ń gbà ló dúró sí yẹn.

Báwo ni olè ṣe ń wọlé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Sọ́fítíwíà ló ń darí ráútà, ènìyàn ló sì kọ ọ́. Àṣìṣe tó bá wà nínú rẹ̀ ni ihò ara ògiri. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ráútà bá rí ihò náà, wọ́n á ṣe àtúnṣe, wọ́n á sì kéde. Ṣùgbọ́n olè náà ń gbọ́ ìkéde o! Ẹni tí kò bá gba àtúnṣe ọ̀hún sórí ráútà tirẹ̀, ihò ṣì wà lára ògiri rẹ̀, olè sì ti mọ ibi tó wà.

Ẹ wo ilẹ̀ Bràsíl. Láàárín 2011 sí 2012, àwọn olè gba ihò kan wọ inú nǹkan bí 4,500,000 àpótí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀? Ẹ rò ó bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà lẹ́nu ọjà. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ lẹ̀ ń wá, ó sì mú yín débẹ̀. Bí wọ́n bá wá pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú gbájúẹ̀ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ayédèrú ló máa mú yín lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pààrọ̀ afọ̀nàhàn inú ráútà. Èèyàn á kọ orúkọ báńkì rẹ̀ dáadáa, ojú ìwé ayédèrú ni yóò jáde, ibẹ̀ ni yóò ti fọwọ́ ara rẹ̀ kó àṣírí owó fún olè.

Ní oṣù kẹrin 2018, ilé-iṣẹ́ MikroTik ṣe àtúnṣe ihò kan lára ráútà wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, olè ti gba ihò yẹn kan náà wọ ráútà tó ju 200,000 lọ, Bràsíl ló sì kọ́kọ́ pọ̀ sí jù. Oògùn wà nílẹ̀, àwọn èèyàn ò lò ó.

Kí la máa ṣe?

1. Páswọ́ọ̀dù méjì ló wà: ti Wi-Fi, àti èyí tá a fi ń wọ inú ráútà fúnra rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Èyí tó bá ilé-iṣẹ́ wá, bí "admin", gbogbo olè ló mọ̀ ọ́n.

2. Ẹ wọ inú ráútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Firmware Update tàbí Software Update sí, kẹ́ ẹ gba àtúnṣe. Bó bá ní èyí tó ń ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ tàn án. Ẹ má ṣe é nígbà tí iná ò dúró o: bí iná bá lọ lágbedeméjì, ráútà lè kú.

3. Ẹ pa Remote Management àti WPS. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n.

4. Bí oníbàárà bá fẹ́ lo Wi-Fi, Guest Network ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má jẹ́ kó bá fóònù tẹ́ ẹ fi ń gbowó pàdé.

5. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì Reset mọ́lẹ̀ kó pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ tó lò ó. Ráútà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣàtúnṣe fún mọ́, ẹ̀dínwó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀pọ̀. Ẹ tọ́jú owó òmíràn.

Bẹ́ ẹ bá fura pé olè ti wọlé, pípa á àti títàn án nìkan ò tó, torí ihò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ Reset rẹ̀, ẹ gba àtúnṣe, ẹ yan páswọ́ọ̀dù tuntun. Bí fóònù bá sì kìlọ̀ pé ojú ìwé báńkì kan ò ṣeé fọkàn tán, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀ kíákíá.

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó má tijú, kó pe ọmọ tó mọ̀ ọ́n kó ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n páswọ́ọ̀dù tuntun, ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ohun tá a fi òógùn kó jọ, olè ò ní bá wa jẹ ẹ́ o. Àṣẹ.